Kí Ẹ Tó Fọ́mátì Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gan, Ẹ Kọ́kọ́ Gbọn Eruku Inú Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Àjàṣẹ́, ní Ìfàńhìn, ní Ṣakété, ní Pọ́bẹ̀ àti ní Kétu, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ni mo gbé wá lónìí, pàápàá èyí tó máa ń gan nígbà tí àwọn ọmọ bá ń gbá géèmù lórí rẹ̀.

Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú ẹ̀rọ, ó kù díẹ̀ kó jù ú sáwọ̀n, àfi gbàgà tí àwòrán dúró gbagidi. Ohùn ń tún ara rẹ̀ sọ bí ẹni tó ń kólòlò, kò sì sí bọ́tìnnì tó tẹ̀ tó dáhùn. Tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹjọ́ mẹ́ta ló máa ń jáde. Bàbá á ní géèmù ló bà á jẹ́. Ọmọ á ní ẹ̀rọ ti gbó, kí wọ́n ra òmíràn. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe á ní kí wọ́n gbé e wá kí òun bá wọn fọ́mátì rẹ̀. Lójú tèmi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yára jù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ooru ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí.

Géèmù kì í sábà ba ẹ̀rọ jẹ́, àṣírí rẹ̀ ló ń tú. Ẹ wo ọ̀kadà zémìjàn. Tó bá gbé èrò kan lórí títì tó tẹ́jú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yá. Ẹ di àpò àgbàdo méjì lé e, kó máa gun òkè, ìgbà yẹn lẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Kíkọ lẹ́tà àti kíka ìròyìn jẹ́ ẹrù fífúyẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Géèmù ni ẹrù wíwúwo, torí ó ń lo ọpọlọ ẹ̀rọ àti ẹ̀yà tó ń ya àwòrán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsinmi. Iṣẹ́ yẹn ń mú ooru wá, fáànù kékeré inú ẹ̀rọ ló sì ń fẹ́ ooru náà síta. Bí ọ̀nà bá dí, ooru á máa gorí ooru. Bí ọpọlọ ẹ̀rọ bá ti ń sún mọ́ nǹkan bí 100°C, òun fúnra rẹ̀ á dín eré kù kó má bàa jóná. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ̀rọ á kú pii. Nígbà tí àwòrán bá ń wọ́ tìkọ̀tìkọ̀ lójú ẹ̀rọ tó ti gbóná, ẹ̀rọ ń gbìyànjú láti gba ara rẹ̀ là ni.

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: ọ̀rọ̀ yìí kan Èkó àti Ìbàdàn bó ṣe kan Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ro tiwa. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí à ń rà jẹ́ tòkunbọ̀. Àwọn èèyàn ti lò ó fún ọdún púpọ̀ ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà kó tó gba èbúté Kùtọnù tàbí Computer Village n'Íkẹjà dé ọwọ́ wa. Láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó dà bí ọ̀rá, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pâte thermique. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ọ̀rá yẹn á gbẹ, á sì sán bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Eruku náà ń bẹ. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́ á gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bò wá, fáànù á sì fà á wọlé, pa pọ̀ mọ́ eruku pupa ojú ọ̀nà wa. Ọmọ á tún wá gbé ẹ̀rọ ọ̀hún lé orí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ á dí ihò tó fi ń mí nísàlẹ̀. Ta ló máa fi ìbora bo ẹlòmíràn nímú, kó tún ní kó máa sáré?

Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wo àkókò tí ẹ̀rọ yín ń gan. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 10 sí 20 tí géèmù ti bẹ̀rẹ̀, tí fáànù ń pariwo, tí abẹ́ ẹ̀rọ gbóná débi pé kò ṣeé gbé lé itan, ẹ fura sí ooru. Bó bá jẹ́ pé bí géèmù ṣe ń ṣí báyìí ló ń gan, nígbà tí ara ẹ̀rọ ṣì tutù, ó lè jẹ́ pé RAM rẹ̀ kéré sí ohun tí géèmù náà ń béèrè, tàbí pé dráífà tó ń darí àwòrán ti gbó. Bó bá sì ń gan kódà nígbà tí ẹ ń kọ lẹ́tà lásán, ẹ fi géèmù sílẹ̀, ẹ yẹ dísìkì àti RAM wò. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Ohun tó bá ṣí á fi hàn yín bóyá RAM ti kún, tàbí bóyá dísìkì ti dé 100%.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì líle, ẹ fi ìwé méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè láìdí ihò abẹ́ rẹ̀, ẹ tan fáànù ilé sí i, kí ọmọ wá gbá géèmù kan náà. Bó bá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó gan, ẹ ti rí ọ̀nà àìsàn náà nìyẹn.

Ìwòsàn rẹ̀ kò ní idán nínú. Wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á yọ wáyà iná, wọ́n á tú ìdí rẹ̀, wọ́n á já bátìrì kúrò lára rẹ̀. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ àti afẹ́fẹ́ gbọn eruku, wọ́n á sì di abẹ̀bẹ̀ fáànù mú kó má bàa máa yí kọjá agbára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á nu ọ̀rá gbígbẹ kúrò, wọ́n á fi tuntun sí i. Bí ẹ kò bá tú u rí, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Bí ẹ bá sì rí i pé bátìrì ti wú, ẹ má gún un, ẹ má sì fi iná sí i mọ́. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yọ ọ́, nítorí ó lè gbiná.

Kí ló dé tí mo fi ń bá fọ́mátì jà? Ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì kó mémoire rẹ̀ sínú rẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Nínú ilé mìíràn, ohùn ìyá àgbà tó ń ki oríkì ìdílé wà níbẹ̀, ìyá náà sì ti relé. Wọ́n á fọ́mátì, gbogbo rẹ̀ á lọ. Ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ọmọ á tún tan géèmù, ẹ̀rọ á tún gan, torí eruku ṣì wà níbi tó wà. Ẹ rà á ṣe, ẹ sì pàdánù ohun tí owó kò lè rà padà. Àwa tí a wà ní ìhà ibí yìí, tí èdè ìjọba wa kì í ṣe Yorùbá, a kò ní oríkì tí a lè fi tọrẹ.

N kò dá gbogbo ẹ̀bi lé àwọn oníṣẹ́ lórí. Àwa oníbàárà ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fọ́mátì, a rí ojú Windows tuntun, a gbà pé wọ́n ṣiṣẹ́, a sanwó. Bí wọ́n bá lo wákàtí méjì láti tú ẹ̀rọ, kí wọ́n gbọn ọ́n, kí wọ́n sì tò ó padà, a ó ní, “Ṣé eruku lásán lo gbọn tó o fi ń gba owó tó báyìí?” Ẹ jẹ́ ká máa sanwó ìtọ́jú bí a ṣe ń sanwó ìpàrọ̀ ọ́ìlì ọ̀kadà.

Fọ́mátì náà ní àyè tirẹ̀. Géèmù tí wọ́n jí ṣe, tí àwọn ọmọ ń fi clé USB gbà lọ́wọ́ ara wọn, lè gbé kòkòrò tí yóò máa jẹ agbára ẹ̀rọ ní kọ̀rọ̀ wọlé. Bí kòkòrò bá ti gba ilé, tí ètò tó ń pa kòkòrò kò ká a, ẹ fọ́mátì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe é, ẹ kó ohun tó ṣe pàtàkì sórí dísìkì ìta, kí ẹ sì ṣí i wò níbẹ̀ pé ó pé.

Ẹ má sì yára jù ú nù. Ní Kùtọnù, àwọn ọ̀dọ́ BloLab ti fi ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àtijọ́ to kọ̀ǹpútà sínú kẹ́ẹ̀gì ike, ó sì ṣiṣẹ́. Bí òkú ẹ̀rọ bá ṣì lè jíǹde nínú kẹ́ẹ̀gì, èyí tó kàn ń gbóná kò tíì kú rárá. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń gbá géèmù jù, ẹ bá a wí nítorí ìwé rẹ̀ àti oorun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ẹ̀rọ tó gan nà án. Ẹ fọwọ́ kan abẹ́ ẹ̀rọ náà ná.