Èéfín Aláwọ̀ Aró Lẹ́yìn Ọkọ̀ Yín

Ìyàwó ilé kan kọ̀wé sí mi láti Ifọ̀. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ onítọ́bò tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín búlúù nídìí sàlẹ́ńsà. Mẹkáníìkì wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní tọ́bò ti kú, kí wọ́n lọ wá owó òmíràn. Owó àjọ ìyàwó yìí yóò bọ́ sí i lọ́wọ́ ní òpin oṣù, owó ilé-ìwé ni ó sì ti pinnu láti fi san. Ó wá ń béèrè bóyá kí òun kó o fún mẹkáníìkì. Èsì mi ni pé kí ó dúró ná. Ẹni tí kò tíì ṣàkíyèsí ìgbà tí èéfín náà ń jáde kò tíì mọ àrùn tí ń ṣe ọkọ̀ náà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò kan obìnrin. Owó tí ó bá bá ọkọ̀ lọ, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ó ti máa ń jáde.

Ẹni tí ó ti dín àkàrà rí mọ̀ pé èéfín òróró tí ó ta sí ẹ̀yìn agbada gbígbóná yàtọ̀ sí èéfín igi tútù. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ̀ rí. Bí èéfín bá dúdú, bẹntiróòlù ni ó pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá funfun tí ó nípọn tí kò sì tán, omi rédíétọ̀ ni ó sábà máa ń jò wọ inú ẹ́ńjìnì. Ṣùgbọ́n funfun fẹ́ẹ́rẹ́ òwúrọ̀ ọyẹ́ tí ń pòórá kíákíá, oru lásán ni. Èyí tí ó ní àwọ̀ aró, bí aṣọ àdìrẹ tí a rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òróró ẹ́ńjìnì tí à ń pè ní ọ́ìlì ni ó ń jó. Ohun tí ó kù láti mọ̀ ni ọ̀nà tí ọ́ìlì gbà dé ibi tí iná wà.

Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, àti Ìjàpá Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún kan náà, kò ní tọ́bò. Bí wọ́n bá ń jẹ ọ́ìlì, ríìngì tàbí fáàfù ni a máa ń fura sí. Tọ́bò, tí Alfred Büchi ará Switzerland gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní ọdún 1905, mú ọ̀nà mìíràn wá. Abẹ̀bẹ̀ méjì ni lórí ọ̀pá kan: èéfín gbígbóná tí ń ti inú ẹ́ńjìnì jáde ń yí ọ̀kan, èkejì sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ọ̀pá yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàrin ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì ni kò sì jẹ́ kí ó jóná. Ọ́ìlì náà ń fi agbára wọlé láti òkè, ṣùgbọ́n fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣàn padà sí ikùn ẹ́ńjìnì láti ìsàlẹ̀, bí omi òjò ti ń ṣàn láti orí òrùlé.

Ibí yìí ni owó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ń ṣègbé sí. Bí páìpù tí ọ́ìlì ń gbà padà bá dí, tàbí tí bírídà tí ẹ́ńjìnì fi ń mí bá dí, ọ́ìlì kò ní rí ọ̀nà lọ, yóò sì gba etí tọ́bò jáde sínú iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí eruku bá dí asẹ́ afẹ́fẹ́: tọ́bò yóò máa fa afẹ́fẹ́ tipátipá, yóò sì fa ọ́ìlì mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń da eruku bò láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ kò nílò ẹni tí yóò sọ èyí fún yín. Bí a bá ra tọ́bò tuntun sí ẹ́ńjìnì tí kò lè mí, tọ́bò tuntun náà yóò rú èéfín.

Ní òwúrọ̀, kí ọkọ yín ṣíná ọkọ̀, kí ẹ̀yin dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìta gbangba, kí àwọn ọmọ jìnnà sí ìdí sàlẹ́ńsà. Bí èéfín bá bú jáde lẹ́ẹ̀kan tí ó sì dáwọ́ dúró, rọ́bà orí fáàfù ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá ń rú ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń fi agbára sáré tàbí tí ó ń gun òkè, ẹ fura sí ríìngì. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ṣàngó, tí ẹ dúró pẹ́ kí ẹ tó tún tẹná, ó lè jẹ́ tọ́bò, ó sì lè jẹ́ fáàfù. Kí mẹkáníìkì tú páìpù tí ó ti ara tọ́bò lọ sí ẹ́ńjìnì. Bí ọ́ìlì bá kan fi ara kan inú rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kò burú. Bí ó bá dúró bí adágún, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Kí ó wá pa ẹ́ńjìnì, kí ó jẹ́ kí ó tutù, kí ó di ọ̀pá tọ́bò mú. Bí ọ̀pá náà bá ń lọ síwá-sẹ́yìn, tàbí tí abẹ̀bẹ̀ ń ha ara ilé rẹ̀, nígbà náà ni mo gbà pé tọ́bò ti bàjẹ́. Kí ó sì wọn ìfúnpá inú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan kí ó tó sọ pé òun fẹ́ sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀.

Ṣáájú gbogbo èyí, ẹ fa ọ̀pá gééjì yọ. Bí ọ́ìlì bá ga kọjá àmì òkè, àpọ̀jù yẹn nìkan lè fa èéfín.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dísẹ́lì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí tọ́bò rẹ̀ bá fọ́, ẹ́ńjìnì lè máa fi ọ́ìlì náà ṣe oúnjẹ, kí ó máa sáré kíkankíkan bí a tilẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ má ṣe gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn bí ó bá ń rú èéfín yìí.

Ọ́ìlì tí a kò pààrọ̀ lásìkò a máa dì bí ọbẹ̀ tí ó jóná mọ́ ìdí ìkòkò, òun ni ó sì ń dí àwọn ọ̀nà tí mo dárúkọ. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ Volkswagen ní Amẹ́ríkà ṣèlérí fún àwọn tí ó ni Passat onítọ́bò lítà 1.8 pé bí ọ́ìlì dídì bá ba ẹ́ńjìnì jẹ́ láàrin ọdún 8, òun yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n oníkálukú gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn pé òun ń pààrọ̀ ọ́ìlì déédé. Irú ọkọ̀ wọ̀nyí wà lára tòkunbọ̀ tí a ń rà, ìwé ẹ̀rí yẹn kì í sì í sábà bá wọn gúnlẹ̀ sí èbúté.

Nítorí náà, ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìṣirò owó ilé. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn, àti iye ọ́ìlì tí ẹ ń bù kún un. Bí ó bá ń jẹ lítà kan láàrin kìlómítà 1,000, ó pọ̀ jù. Ẹ mú ojú ìwé yẹn lọ bá mẹkáníìkì. Yóò mọ̀ pé ẹni tí ó mọ ọkọ̀ rẹ̀ ni ó wà níwájú òun.

Bí ọkọ yín bá sáré ti Èkó dé, kí ó má pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Kí ó jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí tọ́bò lè rọlẹ̀ kí ọ́ìlì inú rẹ̀ má baà jóná. Ìta ni kí ó ti ṣe é, kì í ṣe nínú gáréèjì tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín ọkọ̀ tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn.