Ojúlùmọ̀ Ló Ń Tani Lólobó

Bí akẹ́kọ̀ọ́jáde bá wáṣẹ́ títí tí kò rí, ohun tí yóò sọ ni pé, “Mi ò mọ ẹnì kankan.” Ó ń wí pé òun ò ní bàbá ìsàlẹ̀, pé òun ò ní mọ̀lẹ́bí tó jẹ́ ọ̀gá ní báńkì. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, wádìí lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ nítòsí Boston, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1973. Nínú àwọn tó gbọ́ nípa iṣẹ́ wọn lẹ́nu èèyàn, nǹkan bí ìdá 17 nínú 100 péré ló gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń rí lemọ́lemọ́. Ojúlùmọ̀ ló ta ìyókù lólobó. Àwọn tó bá sọ̀rọ̀ kò pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwádìí 2022 lórí ìkànnì ìwáṣẹ́ LinkedIn, tó kan èèyàn mílíọ̀nù 20, tún gbè é lẹ́yìn. Ìdí ni pé ìwọ àti ọ̀rẹ́ kòríkòsùn rẹ, ìròyìn kan náà lẹ jọ ń gbọ́.

Ní 1973 yẹn kan náà ni ìjọba Nàìjíríà dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, tí àjọ ITF sì bẹ̀rẹ̀ SIWES, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́, èyí táwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní IT. Ètò méjèèjì lè sọ ọmọ di ojúlùmọ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí. Ẹ wá wo bí a ti ń lò wọ́n. Lọ́jọ́ tí IT parí, ọmọ yọ logbook nínú ọ̀rá, ọ̀sẹ̀ 24 tí ó fi bírò kan ṣoṣo kọ lálẹ́ àná. Ọ̀gá fọwọ́ sí i láìwojú rẹ̀, ó di gbéré. Àgùnbánirọ̀ mìíràn kò tíì kúrò ní ibùdó tó ti ń wá ìwé tí yóò dá a padà sílé, sáàárín àwọn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. (N kò bá ẹni tó ń sá fún ewu wí.)

Bí a bá ní kí ọmọ máa kàn sí ojúlùmọ̀ tó ní níbẹ̀, ẹlòmíràn á ní ojúṣàájú la fẹ́ fi kọ́ ọmọ. Rárá o. Ẹni tó sọ fún ọ pé àyè ṣí sílẹ̀ kò gbà ọ́ síṣẹ́. Ìdánwò ṣì ń bẹ níwájú. Ọmọ ọlọ́lá kò sì nílò IT kó tó mọ èèyàn, ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń wá kí i. Àtakò tó tọ́ ni pé ẹ̀bẹ̀ ń súni. “Ẹ káàsán sà, ẹ bá mi wáṣẹ́”: kí ni ọ̀gá fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ṣùgbọ́n kí ọmọ kọ̀wé pé, “Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi ni mo ṣe IT lọ́dọ̀ yín lọ́dún tó kọjá. Ṣé AutoCAD lẹ ṣì fi ń yàwòrán, àbí ẹ ti yí i padà?” Ìṣẹ́jú kan ni èsì rẹ̀ máa gbà, ọ̀gá á sì ti rántí orúkọ ọmọ náà kó tó tẹ̀ ẹ́ tán.