Òṣùwọ̀n Kòkó, Òṣùwọ̀n Àgbẹ̀

Ẹni tí ó bá dé Orè ní àsìkò kòkó yóò rí i pé òṣùwọ̀n pọ̀ ní ìlú náà. Àwọn tí ń ra kòkó ní tiwọn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ bí ó ti gbẹ tó, kò sì sí àpò kan tí yóò kọrí sí Èkó tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ta ni ó wá mọ ìwọ̀n májèlé tí ó wà nínú ara ẹni tí ó gbin kòkó ọ̀hún ní ilẹ̀ Odìgbó? Mo ní a kò mọ̀ ọ́n nítorí pé a kò kà á sí ohun tí ó yẹ kí a mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oògùn ni a ń pe ohun tí a fi ń fín kòkó. Oògùn náà ni a ń pe èyí tí nọ́ọ̀sì ń fún ọmọ tí ibà ń ṣe. Ta ni kò mọ̀ pé bí àgbo kò bá ran àìsàn, ńṣe ni a ń mu sí i? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àgbẹ̀ tí kòkòrò kò kú fún ṣe ń fi ìdérí kan kún ìdérí kan. Èdè Yorùbá kò tòṣì: a ní májèlé, a ní oró. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi "oògùn" túmọ̀ ohun tí wọ́n tà fún wa kò ṣe wá lóore.

Láàárín 1950 sí 1960 ni lindane, májèlé inú Gammalin 20, wọ oko kòkó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 2009 ni a fi kún àwọn kẹ́míkà tí Àdéhùn Stockholm kà léèwọ̀ fún iṣẹ́ oko. Endosulfan tẹ̀ lé e ní 2011. Ṣáájú èyí, ní oṣù kẹsàn-án 2008, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi gbèdéke lé iye májèlé tí ó lè kù lára oúnjẹ tí ó bá wọ ilẹ̀ wọn, kòkó pẹ̀lú. Ní 2015, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà ilẹ̀ wa nítorí dichlorvos tí ó pọ̀ jù lára rẹ̀, ariwo sì ta. Ariwo owó ni. N kò dá Òyìnbó lẹ́bi. Ẹnu ara wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé páǹpù kọ́ ẹ̀yìn, tí ìkùukùu májèlé ń bà lé lórí láti àárọ̀ títí aṣọ fi rin mọ́ ọn lára, kí ni gbèdéke tirẹ̀?

Gbèdéke kúkú wà. Ní 2002, àwọn onímọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ti Àjọ Oúnjẹ àti Ọ̀gbìn fi lélẹ̀ pé lindane tí ènìyàn lè máa jẹ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.005 lọ fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ̀n. Ẹ kíyè sí "tí ó bá wọ̀n" yẹn. Àgbàlagbà tí ó wọ̀n kílógíráàmù 60 kò gbọdọ̀ kọjá mílígíráàmù 0.3, ọmọ tí ó wọ̀n 12 kò gbọdọ̀ kọjá 0.06. Ọmọ náà ni ó ń bá bàbá rẹ̀ jẹun nínú abọ́ kan náà, òun náà ni ó ń dúró ti bàbá ní oko nígbà tí wọ́n bá ń fín in.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara kò tán síbẹ̀. Irú dichlorvos kì í pẹ́ nínú ara. Inú ìtọ̀ ni a ti ń wá àmì rẹ̀, bí ọjọ́ díẹ̀ bá sì kọjá, ó ti lọ. Ọ̀rá ni DDT ń bá ṣọ̀rẹ́ ní tirẹ̀, ó sì lè gbé inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹni tí ó sanra bá rù, ọ̀rá á yọ́, ohun tí ó fi pamọ́ á sì tú padà sínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, a kò lè fi ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì wéra láìkọ́kọ́ gbé wọn gorí òṣùwọ̀n. Ní 2006, Bruce Blumberg àti Felix Grün ní California fi orúkọ obesogen pe irú kẹ́míkà tí ń mú ara kó ọ̀rá jọ, lẹ́yìn tí wọ́n rí ohun tí tributyltin, tí wọ́n máa ń pò mọ́ ọ̀dà ọkọ̀ ojú omi tẹ́lẹ̀ rí, ṣe sí ara eku.

Níbi yìí ni àṣà wa ti ń tàn wá. Ẹni tí ó sanra, a ní ayé tù ú lára. Ẹni tí ó rù, a ní ìyà ń jẹ ẹ́. Mo ti gbọ́ ọ ní Orè tí wọ́n ń fi àgbẹ̀ kan tí ó sígbọnlẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé oògùn kòkó kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan: "Ẹ wo ara Bàbá!" Ara Bàbá tí wọ́n ń wò yẹn lè jẹ́ àká májèlé. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgboro kò sàn jù wọ́n lọ; lójú tiwọn, ẹni tí ó bá ti sanra, alájẹkì tàbí ọ̀lẹ ni. Ọ̀lẹ wo ni ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko kòkó, tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀?

Wọn á ní owó kò sí. Ìjọba ń gba owó àyẹ̀wò lórí kòkó; kí wọ́n yọ nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn aboyún wà ní àwọn ilé ìlera. Kí àgbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn gorí rẹ̀ kí àsìkò fínfín tó dé, kí a gba ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wọn, kí a tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fín in tán, kí a kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan náà, kí a sì ka èsì rẹ̀ fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Bí wọ́n bá sì ń kà á, májèlé ni kí wọ́n pè é.