Rohr, Ìwé Àdéhùn, àti Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Gbá Bọ́ọ̀lù

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n ojú aṣírò-owó ni mo fi ń wò ó.

Jámánì ni wọ́n ti bí Gernot Rohr ní 1953, àmọ́ ó padà di ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ọwọ́ ẹ̀yìn ló ń gbá fún Bordeaux, wọ́n sì gba ife líìgì ní 1984, 1985 àti 1987. Nígbà tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó kó Bordeaux dé àṣekágbá ife UEFA ní 1996.

Nàìjíríà gbà á síṣẹ́ ní 2016. Ó gbé Super Eagles lọ sí ife àgbáyé 2018, wọ́n sì ṣe ipò kẹta ní ife Áfíríkà 2019. Kì í ṣe pé kò ní àléébù o. Ní 2020, a ti fi góòlù mẹ́rin síwájú Sierra Leone kí wọ́n tó dá gbogbo ẹ̀ padà, 4-4.

Ní December 2021, nígbà tí ife Áfíríkà kò ju oṣù kan lọ mọ́, NFF lé e lọ. Kí la rí gbà? Tunisia lé wa jáde, Ghana dínà ife àgbáyé mọ́ wa, FIFA sì ní ká san owó tó lé ní $377,000 fún Rohr. Ẹ̀ẹ̀mejì la sanwó: a pàdánù, a tún san gbèsè.

Àwọn ará Benin, aládùúgbò wa, gbà á ní 2023. Ní June 2024, ó fi 2-1 nà wá ní Abidjan. Lóòótọ́, a gbẹ̀san ní Uyo ní October 2025, 4-0, ṣùgbọ́n pọ́ńtì kan ṣoṣo ni South Africa fi jù wá lọ. Congo wá fi pẹ̀nárítì lé wa jáde ní November. Pọ́ńtì kan péré!

Kí ló kàn wá níbí? Lásìkò Rohr ni Ola Aina, ọmọ tí wọ́n bí ní London, yan Nàìjíríà. Fikayo Tomori, tí wọ́n bí ní Calgary wa níbí ní 1997, England ló gbá fún ní 2019. N kò bá a wí. Òbí tó bá fẹ́ fa ọmọ lé ẹnì kan lọ́wọ́, á kọ́kọ́ wo bó ṣe ń pa àdéhùn mọ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.