Ìlà Apá Aṣọ Ìjọba: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Aránṣọ Kofar Doya

Ẹnubodè Iṣu ni ìtumọ̀ orúkọ ibi tí a wà yìí ní èdè Hausa, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa kò ta iṣu rí. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni a fi ń jẹun. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan lórí àmì oyè tí a ń rán mọ́ aṣọ àwọn sójà, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ọmọ Boys' Brigade. Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Bí ó bá kà á dé òpin, yóò rí i pé orúkọ gbogbo wa ni ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ìlà kan ní apá sójà ni ti lance corporal, méjì ni ti kọ́pórà, mẹ́ta ni ti sájẹ́ǹtì. Bí idì bá bà lé orí ìlà mẹ́ta náà, staff sergeant ni. Kí Nàìjíríà tó di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ní ọdún 1963, adé ni ó wà níbi tí idì wà lónìí. Àwọn bàbá wa tí wọ́n bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81st Division lọ sí ogun Bọ́mà, aláǹtakùn dúdú lórí aṣọ yẹ́lò ni àmì tiwọn. Ẹni tí ó bá rí i ti mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó la ẹnu. Bí ìlà ojú ti rí fún àwọn baba ńlá wa, bẹ́ẹ̀ ni ìlà apá rí fún sójà. Àwa aránṣọ sì ni olóòlà rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin sójà kan gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìlà kejì, inú rẹ̀ dùn. Ọwọ́ mi dí ní ọjọ́ náà, mo sì gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà ti rí sójà Amẹ́ríkà nínú fíìmù, ṣóńṣó ìlà tiwọn a sì máa kọjú sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rán an. Ṣùgbọ́n ti Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí a ti jogún rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìsàlẹ̀ ni ṣóńṣó rẹ̀ ń kọjú sí. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n tò, ọ̀gá rẹ̀ rí i, ó sì mú kí ó máa sáré nínú oòrùn títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tí ó padà wá, kò bú mi. Ó kàn gbé aṣọ náà sórí tábìlì, ó ní, "Bàbá, ẹ wo ohun tí ẹ fi mí ṣe." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Ẹ̀bi ọmọ iṣẹ́ kọ́. Èmi ni n kò wo iṣẹ́ kí ó tó jáde.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́ mi. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má ṣe méfò ibi tí àmì yóò wà. Òfin sójà kì í ṣe òfin ọlọ́pàá, ti ọlọ́pàá kì í sì í ṣe ti Brigade. Ẹ ní kí oníbàárà mú aṣọ àtijọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ti fọwọ́ sí wá, kí ẹ wọn ibẹ̀. Èkejì, ẹ rẹ aṣọ tuntun àti àmì sínú omi, kí ẹ sá wọn gbẹ, kí ẹ tó rán wọn pọ̀. Bí àmì bá sún kì lẹ́yìn tí a ti rán an, yóò fa apá aṣọ, gbogbo rẹ̀ yóò sì hunjọ bí ojú arúgbó. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún wọ aṣọ náà, kí ó dúró ṣánṣán, kí ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ tó fi ṣọ́ọ̀kì fa àárín apá láti ojú rírán èjìká wá sílẹ̀. Aṣọ tí a tẹ́ sórí tábìlì a máa tan ènìyàn jẹ. Ìlà tí ó dọ́gba níbẹ̀ lè ti yí sí àyà nígbà tí a bá wọ̀ ọ́. Teepu ni kí ẹ fi wọn apá méjèèjì, kì í ṣe ojú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so ó mọ́ra gbàǹgbà-gbàǹgbà, kí oníbàárà wo ara rẹ̀ nínú dígí kí ẹ tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Òwú tí ó bá etí àmì mu ni kí ẹ lò, kí ẹ rán an wẹ́wẹ́, kí ẹ sì padà lé igun kọ̀ọ̀kan kí ó má baà ṣí. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú apá aṣọ náà, kí abẹ́rẹ́ má baà gún ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ti àmì yíyọ náà wà ńbẹ̀. Oòrùn Sókótó kò mọ ojú ẹnìkan. A máa pa àwọ̀ aṣọ dà, ṣùgbọ́n abẹ́ àmì yóò dúdú bí ó ti wà. Bí ẹ bá yọ ọ́, ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ẹ sọ fún oníbàárà kí ẹ tó fi abẹ bọ̀ ọ́, kí àmì tuntun lè bo ojú ti àtijọ́ bí ìwọ̀n bá gbà bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù ni èyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ọkùnrin kan mú aṣọ sójà wá, ó ní kí n rán ìràwọ̀ mẹ́ta sí èjìká rẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta, ti kápútẹ̀ẹ́nì nìyẹn. Mo béèrè káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀; ó ní òun gbàgbé rẹ̀ sílé. Ó ní òun yóò san owó rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ jọ̀wọ́, èmi kì í ṣe ẹni mímọ́: owó ilé-ìwé ọmọ mi wà nílẹ̀ ní oṣù náà, mo sì wo owó yẹn pẹ́. Ṣùgbọ́n mo dá aṣọ rẹ̀ padà fún un. Ó ṣépè, ó sì lọ. Bóyá ẹlòmíràn bá a rán an, n kò mọ̀.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí àwọn ajínigbé ń ṣe ní ìhà Sókótó àti Zamfara. A sì ti gbọ́ pé aṣọ ológun ni àwọn kan nínú wọn ń wọ̀ nígbà tí wọ́n bá wọ abúlé. Ẹni tí ó rí ìràwọ̀ ní èjìká yóò dá ọkọ̀ dúró, yóò ṣí ilẹ̀kùn, nítorí aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn.

Àwọn kan nínú wa a máa wí pé, "Aránṣọ ni mí, n kì í ṣe ọlọ́pàá." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ayé àwọn baba wa, olóòlà wo ni yóò kọ ìlà ìdílé ọba sí ojú ọmọ àjèjì láì béèrè ọmọ ta ni? Ẹ sì rántí pé àlejò ni wá. Bí wọ́n bá mú aránṣọ kan nínú wa, wọn kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn Yarabawa ni wọn yóò wí. Ìka kan tí ó tọ́ epo a máa ran mẹ́rin yòókù.

Nítorí náà, mo dá a lábàá fún ẹ̀ka wa pé kí àwa aránṣọ fi ohùn ṣọ̀kan: ẹni tí kò bá fi káàdì hàn, kí a má ṣe rán àmì oyè fún un, ìbáà ṣe ìlà kan. Ẹni tí a bá dá padà ní ṣọ́ọ̀bù kan, kí a sọ fún àwọn tí ó kù ní ọjọ́ náà gan-an. Kí àwọn ọ̀gá sì kó àwọn ọmọ iṣẹ́ jọ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, kí a fi bí a ti ń rán an hàn wọ́n. Èmi yóò mú ẹ̀rọ tèmi wá. Orúkọ rere tí àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ dé ìhín fi sílẹ̀ fún wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí a tà á nítorí owó ìràwọ̀ mẹ́ta.