Ẹrù Tó Bàjẹ́ Lọ́wọ́ Ìjọba

Lóṣooṣù ni a máa ń sọ̀rọ̀ lójú ewé yìí nípa bí a ṣe ń tọ́jú oúnjẹ, aṣọ àti ohun èlò ilé kí wọ́n lè pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìyá oníṣòwò kan ní Ìlúà bi mí ní ìbéèrè kan tí kò sí nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wọ́n ní, "Tíṣà, o ti kọ́ wa bí a ó ṣe tọ́jú èlùbó sílé kó má bàjẹ́. Èyí tó bá wà lọ́wọ́ ìjọba ńkọ́? Ta ni yóò bá wa tọ́jú ìyẹn?"

Gbodo ni ìyá yìí ń tà. Wọ́n kó àpò mélòó kan sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Ìbàdàn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan sì dá ọkọ̀ náà dúró lọ́nà nítorí pé ọjọ́ ti kọjá lórí ìwé rẹ̀. Awakọ̀ ló lẹ́jọ́, gbodo kò lẹ́jọ́. Síbẹ̀, tọkọ̀-tẹrù ni wọ́n kó lọ sí àgbàlá wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹrù náà fi wà nínú òjò. Nígbà tí wọ́n tú ọkọ̀ sílẹ̀, púpọ̀ nínú gbodo náà ti hu, kòkòrò sì ti ba ìyókù jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń bó iṣu, tí a ń bọ̀ ọ́, tí a ń rẹ ẹ́ mọ́jú, tí a sì ń sá a sórí àpáta títí yóò fi gbẹ táútáú, ẹ mọ iye òógùn tó wà nínú àpò kan. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí ìyá náà dúpẹ́ pé wọ́n rí ẹrù wọn gbà.

Àwọn ará ilé wọn sọ pé kò sẹ́ni tó ń bá ìjọba ṣẹjọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òótọ́ rí, ó sì yẹ kí a mọ ibi tó ti wá. Òfin àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọba kì í ṣẹ̀. Nítorí náà, a kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ fún ohun tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́, àfi bí ìjọba fúnra rẹ̀ bá yọ̀ǹda. Àwọn Òyìnbó gbé òfin náà wá bá wa. Ní 1947, wọ́n fi òfin tuntun mú púpọ̀ nínú ààbò yìí kúrò nílé tiwọn, ṣùgbọ́n tiwa ṣì wà níbẹ̀.

N kò mọ ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi èyí hàn tó ti Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ní àwọn ọdún 1940, ìrẹsì tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà Abẹ́òkúta wà lára ohun tó kọ́kọ́ fa ìyá yìí kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀làjú bọ́ sínú ìjà àwọn ọlọ́jà. Wọ́n pariwo títí àwọn òṣìṣẹ́ fi ṣíwọ́ lára ìrẹsì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí owó-orí obìnrin, èyí tó mú kí Aláké Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Nígbà ogbó wọn, ọ̀rọ̀ kan ilé tiwọn. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kejì, 1977, àwọn sójà ya wọ ilé tí Fẹlá ọmọ wọn ń gbé ní Agége Motor Road, ní Èkó. Àwọn sójà lu àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀, wọ́n ju ìyá àgbà náà láti ojú fèrèsé, wọ́n sì dáná sun ilé náà tohun-tohun. Ìyá náà kú ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin, 1978.

Ìdílé náà pe ìjọba lẹ́jọ́, wọ́n sì béèrè mílíọ̀nù 25 náírà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ti ìjọba gbé kalẹ̀ ní sójà tí a kò mọ̀ ló ṣe é. (Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ yìí: ilé jó ní ọ̀sán gangan, sójà pọ̀ bí eṣú, a kò sì mọ ọ̀kan!) Adájọ́ Dòsùnmú ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó sọ pé a kò lè mú ìjọba fún irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jù Lọ ní 1985, ìdílé náà tún pàdánù, nítorí pé òfin ṣì ń dáàbò bo ìjọba ní 1977 tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀sọ́ là á mọ́lẹ̀ pé òfin-ìlú 1979 ti fòpin sí ààbò náà. Òfin-ìlú 1999 tí à ń lò lónìí sì tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gba àwọn ohun ọnà àtijọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Ilé ẹjọ́ dá a láre pé kò fi wọ́n ṣe fàyàwọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà, àwọn kan ti bàjẹ́. Ní 1984, Ilé Ẹjọ́ tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ sọ pé ìjọba kò ní san kọ́bọ̀. Ó di ọdún 2000 kí wọ́n tó tún apá kan òfin náà ṣe.

Nítorí náà, mo dá ìyá wa lóhùn pé a lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lónìí. Ilẹ̀kùn ńlá ti ṣí, ṣùgbọ́n àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìpín 44 nínú òfin-ìlú gbà kí ìjọba di ẹrù ẹni mú fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìwádìí. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba sì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ pè é lẹ́jọ́ fún ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Oṣù karùn-ún ni ìyá wa tó bi mí. Bí a bá sì jàre tán, a ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba kí ilé ẹjọ́ tó lè yọ owó náà nínú àpò ìjọba ní báńkì. Ojú mi kò gba èyí. Ẹni tó mú ewúrẹ́ aládùúgbò so nítorí pé ó jẹ oko rẹ̀ ṣì ní láti fún un lómi. Bí ewúrẹ́ bá kú sí ìdí okùn, ẹjọ́ ti yí padà nìyẹn.

Ibi tí iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, nítorí ẹrù tí a kò kọ sílẹ̀ kò ní ẹnu ní kóòtù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ẹrù yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: irú ẹrù, iye àpò, ìwọ̀n rẹ̀, bí ó ṣe rí lọ́jọ́ náà, àti iye tí ẹ rà á. "Ẹrù ọkọ̀ kan" kò tó. Ẹ kọ "gbodo gbígbẹ, àpò 12, kò hu, kò ní kòkòrò". Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ náà àti nọ́ńbà tó wà láyà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá ló mú ènìyàn yín, òfin ìṣẹjọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, pàṣẹ pé kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀dà kan. Onílé ẹrù sì lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá a padà fún òun pẹ̀lú ìwé àdéhùn kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹrù yín jẹ́ tòmátì, ata tàbí ẹja, ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti béèrè èyí, nítorí tòmátì kì í dúró de adájọ́. Gbodo àti gàárì lè fara dà á bí òjò kò bá pa wọ́n, nítorí náà ẹ fi ìwé béèrè pé kí wọ́n gbé wọn sábẹ́ òrùlé. Ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ẹ̀rọ ìlọta ń dípẹtà ni. Ẹ lọ wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ lọ.

Kí ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹnì kan nílé, nítorí nígbà mìíràn ọlọ́jà àti ẹrù rẹ̀ ni wọ́n jọ ń tì mọ́lé.