Ẹsẹ̀ Tí Ẹ Ń Fi Pamọ́ De Dókítà

Ẹ̀yin aládùúgbò mi ní Abraham Adésànyà Estate,

Bí dókítà bá ti dá ọjọ́ tí yóò pààrọ̀ orúnkún tàbí oríkèé ìbàdí fún màmá kan ládùúgbò wa, ilé á dìde gìrì. "Màmá, ẹ jókòó o. Ẹ má gun àtẹ̀gùn. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn sinmi títí ọjọ́ á fi pé." Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á fi owó ránṣẹ́, àwọn àlejò á máa gbé èso wá, màmá á sì jókòó bí olorì fún oṣù mẹ́ta gbáko. Wọ́n ní ìmúrasílẹ̀ nìyẹn. Ìfẹ́ ló bí ọ̀rọ̀ náà, mo gbà, ṣùgbọ́n irọ́ ni.

Kí gan-an là ń ṣìkẹ́? Nínú oríkèé tó yè, nǹkan yíyọ̀ kan bo orí eegun kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Arómọléegun ti jẹ ẹ́ tán. Ibi tó jẹ náà ni dókítà fẹ́ gé kúrò, tí yóò fi irin àti ike líle rọ́pò. Ohun tó ń lọ sínú garawa lẹ wá ń fi oṣù mẹ́ta tọ́jú! Iṣan itan, tí dókítà kò ní pààrọ̀, lẹ fi sílẹ̀ kó máa rù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló ń na orúnkún, òun ló ń gbé èèyàn dìde lórí àga. Kò sí ilé ìwòsàn tó ń ta iṣan.

Mo mọ ibi tí èrò yìí ti wá. Lọ́dọ̀ teguntegun la ti kọ́ ọ. Eegun tó bá ṣẹ́, wọ́n á fi igi dè é, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má mì í títí yóò fi so. Orúnkún tí arómọléegun jẹ kò ṣẹ́. Kò sí ohun tí ìsinmi fẹ́ so pọ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn dókítà pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà tí John Charnley ti Ìlú Ọba gbé ìpààrọ̀ ìbàdí irú ti òde òní kalẹ̀ lọ́dún 1962, orí bẹ́ẹ̀dì làwọn aláìsàn máa ń wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ayé ti yí. Lónìí, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an tàbí ọjọ́ kejì ni wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ dìde dúró. Ṣé ẹsẹ̀ tó ti sùn fún oṣù mẹ́ta lẹ fẹ́ fi dúró?

"Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí." Mo gbọ́. N kò ní kí ẹ sáré dé ọjà Ajah. Ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀, ẹ kà dé márùn-ún, ẹ dẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí oòrùn bá rọlẹ̀, ẹ mú ọ̀pá, ẹ rìn díẹ̀ ní àdúgbò. Ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́, tàbí tí dókítà ní kò gbọdọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, n kò bá a wí. Eré ìdárayá yìí kò sì ní mú ìrora ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kúrò. Ẹni tó bá ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún yín, ọjà ló ń tà.

Bí ẹ bá fẹ́ fún nǹkan nísinmi, abẹ ni kí ẹ fún. Gbẹ́rẹ́ sínsín lórí orúnkún, fífi abẹ fá irun ẹsẹ̀ nílé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú orúnkún nígbà tí iṣẹ́ abẹ kù dẹ̀dẹ̀: ọ̀nà ni gbogbo wọn jẹ́ fún kòkòrò. Kòkòrò tó bá sì rí ara irin fi ṣe ilé, àtilé e jáde á di ogun. Eyín tó ń kẹ̀ àti ṣúgà tí a kò kápá wà nínú ẹjọ́ kan náà. Àgbo tí ẹ ń mu, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà, torí òmíràn ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ tún ro ti ọ̀nà. Ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìgbóbì láti ọdún 1945 kò sí ní tòsí wa: títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, afárá Third Mainland, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ ó bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, itan yín ni yóò sì gbé yín. Ẹ ti gbé bẹ́ẹ̀dì wá sísàlẹ̀ ilé kó tó di ọjọ́ náà, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì tó lè gbé èèyàn ṣubú, ẹ lé àpótí ìjókòó kúrò ní kíṣìnnì. Ẹni tó bá pààrọ̀ ìbàdí, kó ti sọ fún àwọn ẹbí pé ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ di ìgbà tí dókítà bá yọ̀ǹda.

Ẹ̀yin tí orúnkún ń dùn, tí ẹ sì ń ka ìwé yìí lórí àga: ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú báyìí, ẹ kà dé márùn-ún.